Bí a ṣe ń bọ́ màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ kí methane tí wọ́n ń gùnfẹ̀ jáde lè dínkù

Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ tí màlúù jẹ ló ń di wàrà tàbí ẹran. Nínú gbogbo agbára tó wà nínú oúnjẹ náà, nǹkan bí ìdá 6 sí 7 nínú 100 ló ń gba ẹnu rẹ̀ jáde bíi gáàsì tí à ń pè ní methane. Gáàsì yìí kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn, nítorí náà olówó ẹran kì í mọ̀ pé oúnjẹ tí òun rà tàbí tí òun gé ń jò lọ bí omi inú ajádìí agbọ̀n. Ó tún ń mú ayé gbóná: láàárín 100 ọdún, kílò 1 methane tó ti ara ẹran jáde ń ṣe iṣẹ́ nǹkan bí kílò 27 carbon dioxide. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Nǹkan bí ọdún 12 ló ń lò kó tó túká, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó bá dín in kù lónìí fi ń rí àǹfààní rẹ̀ kíákíá.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ń sin ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ, bóyá ẹran 2 ni o tàbí 200, àti fún ẹni tó fẹ́ dán oúnjẹ ẹran wò ní yàrá ìdánwò. Ohun tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni pé kí ẹ má wo gíráàmù methane tí ẹran ń tú jáde lójúmọ́ nìkan. Ẹ fi lítà wàrà tàbí kílò ẹran tí ẹ rí pín in. Ẹran tí ebi ń pa kì í tú methane púpọ̀ jáde, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó ń tú jáde náà, òfo ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ṣàkì

Ikùn ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ ní yàrá mẹ́rin. Ṣàkì ló tóbi jù nínú wọn. Ti màlúù tó ti dàgbà lè gba ju 100 lítà lọ. Bakitéríà àti àwọn ohun abẹ̀mí mìíràn tí ojú lásán kò lè rí ló kún inú rẹ̀, àwọn ló sì ń kọ́kọ́ jẹ koríko náà. Bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ, ó ń di oríṣi ásíìdì mẹ́ta: acetate, butyrate àti propionate. Àwọn ásíìdì yìí ni màlúù ń fà sára tó fi ń rí agbára.

Níbi tí wọ́n ti ń ṣe acetate àti butyrate, gáàsì háídírójìn ń tú sílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe propionate, wọ́n ń lo háídírójìn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù kò gbọdọ̀ kó jọ sínú ṣàkì, torí bó bá pọ̀ jù, iṣẹ́ fífọ́ oúnjẹ á dẹnu kọlẹ̀. Àwọn ohun abẹ̀mí kan tó ń jẹ́ archaea ló ń kó o kúrò: wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ carbon dioxide, ó di methane, ẹran á gùnfẹ̀, ó lọ. Èyí tó ń gba ìdí jáde kéré gan-an sí ti ẹnu.

Ọgbọ́n tó wà nílẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: kí háídírójìn má pọ̀, kí a fún un ní iṣẹ́ mìíràn, tàbí kí a dí archaea lọ́wọ́. Oúnjẹ tó dára ń ṣe èyí àkọ́kọ́, ó sì tún ń mú kí wàrà àti ẹran pọ̀ sí i. Nítorí náà ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi oògùn olówó ńlá sínú koríko tó ti gbó ju, owó rẹ̀ ló ń sọ nù.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ìwọ̀n ẹran àti ìwọ̀n oúnjẹ rẹ̀

Bí kò bá sí òṣùwọ̀n ńlá, téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ ti tó. Ẹ jẹ́ kí màlúù dúró gbọọrọ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ wọn yíká àyà rẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, lẹ́yìn náà ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti egungun èjìká dé egungun ìdí, ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi yíká àyà di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po gígùn, kí ẹ wá fi 10,840 pín in. Màlúù tí àyà rẹ̀ jẹ́ 150, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 130: 150 × 150 × 130 ÷ 10,840, ó di nǹkan bí kílò 270. Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù ni yíká àyà, nítorí pé ìlọ́po ara rẹ̀ ni a ń lò. Bí téèpù bá rọ̀ dẹngbẹ tàbí tí ẹran bá ń tẹrí ba, ìṣirò á yàtọ̀ ní ọ̀pọ̀ kílò. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ mú ti àárín.

Oúnjẹ tí ẹran ń jẹ lójúmọ́ sábà máa ń jẹ́ 2 sí 3% ìwọ̀n ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n gbígbẹ la ń sọ, ìyẹn ohun tó kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbogbo omi inú oúnjẹ náà. Koríko tútù lè jẹ́ omi ní ìdá 80 nínú 100. Ẹni tó gbé 20 kílò koríko tútù síwájú màlúù, kílò 4 péré ló gbé fún un.

Láti mọ ìwọ̀n gbígbẹ, ẹ mú koríko láti ibi márùn-ún, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ pò ó pọ̀, ẹ wọn 100 gíráàmù. Ẹ sá a sínú ààrò tó gbóná dé 60 °C títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́ bí ẹ bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ lé ara wọn. Bó bá ku 22 gíráàmù, 22% ni ìwọ̀n gbígbẹ rẹ̀. Ẹ wọn ohun tí ẹ gbé fún ẹran láàárọ̀, kí ẹ sì wọn èyí tó ṣẹ́ kù lọ́jọ́ kejì kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Ohun tí ẹran jẹ ni ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, kì í ṣe ohun tí a gbé síwájú rẹ̀. Ọjọ́ 7 ni kí ẹ fi ṣe é, torí pé ọjọ́ kan ṣoṣo ń tan ni jẹ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣírò methane lórí ìwé

Ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́, IPCC, ní ìlànà ìṣirò tí ẹnikẹ́ni lè lò. Ọdún 2019 ni wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn. Agbára tó wà nínú kílò 1 oúnjẹ gbígbẹ jẹ́ nǹkan bí 18.45 megajoule. Ti kílò 1 methane jẹ́ 55.65. Fún màlúù tí wàrà rẹ̀ kò pọ̀, 6.5% agbára oúnjẹ ló ń di methane. Fún èyí tó ń jẹ koríko tó dára pẹ̀lú oúnjẹ àfikún, 6.3%; fún àgùntàn, 6.7%, fún ewúrẹ́, 5.5%. Bí a bá ṣe ìṣirò náà:

18.45 × 0.065 ÷ 55.65 = 0.0215 kílò

Ìyẹn ni pé gbogbo kílò 1 oúnjẹ gbígbẹ tí màlúù náà jẹ ń mú nǹkan bí 21.5 gíráàmù methane jáde. Ti àgùntàn jẹ́ 22 gíráàmù, ti ewúrẹ́ jẹ́ 18.

Ẹ wo bí pínpín ṣe ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ká ní màlúù kan ń jẹ kílò 8 pòròpórò àti koríko gbígbẹ, tó ń fúnni ní lítà wàrà 4. Methane rẹ̀ jẹ́ 172 gíráàmù lójúmọ́, ìyẹn 43 gíráàmù fún lítà kan. Bí a bá tún oúnjẹ rẹ̀ ṣe, tó wá ń jẹ kílò 11, tó sì ń fúnni ní lítà 9, methane rẹ̀ á gòkè dé 230 gíráàmù lójúmọ́ (6.3% la fi ṣírò rẹ̀ níbí), ṣùgbọ́n ti lítà kan á bọ́ sí nǹkan bí 25.5. Ẹni tó nílò lítà 36 lójúmọ́ ní láti ní màlúù 9 tẹ́lẹ̀. Ní báyìí 4 ti tó. Gbogbo methane agbo náà á ti 1,548 gíráàmù wá sí 920. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá fi màlúù 9 náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, tó sì ń bọ́ gbogbo wọn dáadáa, methane á pọ̀ sí i, wàrà náà á sì pọ̀ sí i. Kí ẹ mọ èyí tí ẹ ń lé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gé koríko nígbà tó ṣì rọ̀

Èyí ni kò ná ni ní nǹkan kan, òun náà la sì ń fojú fò jù. Koríko tó ti yọ òdòdó, tí igi rẹ̀ ti le, fáíbà ló kún inú rẹ̀. Fáíbà ń di acetate, acetate ń tú háídírójìn sílẹ̀, ó sì tún ń pẹ́ nínú ṣàkì tó fi jẹ́ pé ẹran kò ní lè jẹ púpọ̀. Ẹ gé e nígbà tí orí òdòdó ń wú nínú ewé ṣùgbọ́n tí kò tíì yọ síta. Bí ẹ bá dúró kó pọ̀ sí i, ẹ óò kó ẹrù jọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹran lè lò nínú rẹ̀ á ti dínkù.

Ẹ ké e sí gígùn sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5. Kíké yìí kì í jẹ́ kí ẹran ṣa ewé jẹ kó fi igi sílẹ̀. Ẹ má lọ̀ ọ́ lúbúlúbú: oúnjẹ tó kúnná jù ń yára kọjá, methane á dínkù díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹran kò ní jẹ àpọ̀jẹ dáadáa, itọ́ tó ń mú kí ikùn rẹ̀ má kan á dínkù, ọ̀rá inú wàrà á sì bọ́ sílẹ̀.

Ẹ fi ewéko tó ń so pódì bíi ti ẹ̀wà kún un títí dé ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn kan nínú wọn ní tannin, èròjà tó máa ń mú ẹnu wọ́n bí ẹni jẹ obì, tó sì ń dí archaea lọ́wọ́. Bí tannin bá wà láàárín 2 sí 4% ìwọ̀n gbígbẹ, ó dára. Bó bá kọjá 5%, ẹran kò ní fẹ́ jẹun, purotéènì oúnjẹ náà á sì bá ìgbẹ́ jáde. Leucaena, igi kan lára ewéko onípódì yìí, ní mimosine nínú, èròjà tó ń mú kí irun já tí kò sì jẹ́ kí ẹran dàgbà bí bakitéríà tó ń fọ́ ọ kò bá sí nínú ṣàkì wọn. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 30% oúnjẹ wọn.

Ìgbésẹ̀ 4: Bí pòròpórò tàbí koríko gbígbẹ nìkan ló wà, ẹ fi yùríà tọ́jú rẹ̀

Purotéènì inú koríko ìrẹsì àti pòròpórò sábà máa ń jẹ́ 3 sí 4%. Bakitéríà inú ṣàkì kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa bó bá kéré sí 7%. Yùríà (ajílẹ̀ oníhóró funfun) tó ń di gáàsì amonia lábẹ́ ọ̀rá náílọ̀n ń gbé purotéènì ga, ó sì ń tú okùn líle inú pòròpórò kí bakitéríà lè ráàyè wọlé.

Ohun tí ẹ nílò fún 100 kílò pòròpórò gbígbẹ: kílò 4 yùríà, 50 lítà omi mímọ́, ọ̀rá fífẹ̀ tó nípọn tí kò lu, agé tí a fi ń bomi rin ewébẹ̀, àti òkúta tàbí àpò yẹ̀pẹ̀ láti fi tẹ ẹ́.

Ẹ ké pòròpórò náà. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sí ilẹ̀ tí omi òjò kì í dúró sí. Ẹ pín pòròpórò sí ọ̀nà 5, 20 kílò lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ́ 800 gíráàmù yùríà sínú lítà 10 omi, ẹ rò ó títí kò fi ní sí hóró kankan nísàlẹ̀, kí ẹ wọ́n ọn yíká kó kan gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ tó kó ìpele kejì lé e. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ dé ìpele karùn-ún, ẹ bò ó, ẹ ká etí ọ̀rá wọnú ara wọn, ẹ fi ẹrù tẹ gbogbo etí rẹ̀. Ní ibi tó gbóná, ọ̀sẹ̀ 3 ti tó. Níbi tó tutù, ó lè gba ọ̀sẹ̀ 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣí i wò láàárín rẹ̀, torí amonia tó bá jáde kò ní padà.

Èyí tó dára á pọ́n bíi wúrà tàbí kó dúdú díẹ̀, á rọ̀, òórùn amonia á sì ta yín nímú. Bí òórùn kò bá sí, ọ̀rá ti lu. Bó bá ní funfun-funfun èbu lára, ẹ kó apá ibẹ̀ dànù. Ẹ má sọ pé ẹran á ṣa èyí tó dára jẹ. Bí ẹ bá rí hóró funfun yùríà lára rẹ̀, omi kéré, yùríà kò tíì yí padà, ó sì lè pa ẹran. Bí ìsàlẹ̀ bá rin gbingbin tí òkè sì gbẹ, omi pọ̀ jù, yùríà ti ṣàn lọ sísàlẹ̀.

Ẹ tú èyí tí ẹ fẹ́ lò sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ fún odidi ọjọ́ kan kí ẹ tó fún wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ pò ó mọ́ oúnjẹ àtijọ́ ní ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ẹ máa fi kún un títí di ọjọ́ 10. Ẹ má fún ọmọ màlúù tí kò tíì pé oṣù 6, nítorí ṣàkì rẹ̀ kò tíì gbó. Ẹ má fún ẹran tí ebi ti pa gidigidi. Ẹ má yọ́ yùríà sínú omi mímu láé. Ẹ má sì ṣe ìtọ́jú yìí fún koríko tútù tàbí koríko tó ní ṣúgà púpọ̀, ẹ má fi moláásì sí i kí ẹ tó bò ó: ṣúgà àti amonia lè para pọ̀ di májèlé tó ń mú ẹran sáré kiri bí wèrè, tó sì ń gba inú wàrà ran ọmọ.

Bí yùríà bá mú ẹran, láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 1 ni ẹ óò rí i: itọ́ á máa hó lẹ́nu rẹ̀, ara á gbọ̀n, ikùn á wú, á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ẹ pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀. Bí ẹran náà bá ṣì dúró, tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún màlúù tó ti dàgbà ní fínígà lítà 2 sí 6 pẹ̀lú omi tútù, nítorí pé ásíìdì inú fínígà kì í jẹ́ kí amonia wọnú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó bá ti ṣubú tó ń jàgùdù, ẹ má rọ nǹkan sí i lẹ́nu, kó má baà wọnú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi ọ̀rá kún oúnjẹ wọn, ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n

Òróró kì í di háídírójìn nínú ṣàkì bí koríko ṣe ń ṣe, ó sì ń pa lára àwọn archaea. Tí a bá fi ọ̀rá kún oúnjẹ ní ìdá 1 nínú 100, methane sábà máa ń dínkù ní nǹkan bí 3 sí 5%. Ṣùgbọ́n òróró kan náà ń bo koríko, kò ní jẹ́ kí bakitéríà tó ń fọ́ fáíbà rí i fọ́. Nítorí náà ààlà wà: gbogbo ọ̀rá inú oúnjẹ kò gbọdọ̀ kọjá 6%.

Ìṣirò rẹ̀ rèé fún màlúù tó ń jẹ kílò 10 ìwọ̀n gbígbẹ. Ààlà jẹ́ 600 gíráàmù. Koríko ní ọ̀rá nǹkan bí 2.5%, ìyẹn 250 gíráàmù. Ó ku 350 gíráàmù tí ẹ lè fi kún un. Odidi èso òwú ní ọ̀rá nǹkan bí 19%, nítorí náà kílò 1.8 ni òpin. Èso sunflower tàbí canola ní nǹkan bí 40%, nítorí náà 875 gíráàmù ni òpin. Canola gbọ́dọ̀ fọ́ kí ẹ tó fún wọn, torí èèpo rẹ̀ le, odidi lá bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ má fún ọmọ màlúù tí ṣàkì rẹ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ ní èso òwú, ẹ sì ṣọ́ra pẹ̀lú akọ tí ẹ fi ń gun abo, nítorí gossypol, májèlé tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ bi ẹni tí ẹ ra ìṣẹ́kù èso olóróró lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe yọ òróró rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ fún lásán ṣì ní òróró 8% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú. Èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà fà gbẹ kì í ju 1 sí 3% lọ. Purotéènì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé á dín methane kù. Ọ̀rá tí wọ́n ti dáàbò bò kó má baà yọ́ nínú ṣàkì náà kò ní ṣiṣẹ́ yìí, torí pé inú ṣàkì gan-an la ti nílò rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ẹ lo ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kí ẹ tó dé òpin. Ìgbẹ́ ni kí ẹ máa wò. Bó bá di rírọ̀ tí okùn koríko gígùn sì wà nínú rẹ̀, fáíbà kò fọ́ mọ́. Bí ọ̀rá inú wàrà bá bọ́ sílẹ̀ tàbí tí ẹran bá ń fi oúnjẹ sílẹ̀, ẹ ti kọjá ààlà. Ẹ dín in kù ní ìdajì.

Hóró ọkà náà ń dín methane kù, torí ó ń mú propionate pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi kún un díẹ̀díẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ìdajì kílò lọ ní gbogbo ọjọ́ 3, kí ikùn má baà kan. Èrò tiwa ni pé kí ẹ má torí methane nìkan bọ́ ẹran ní ọkà tí ènìyàn lè jẹ.

Ìgbésẹ̀ 6: Àwọn àfikún tó ń dí archaea lọ́wọ́

Ẹ má dé ibí bí ẹ kò bá tíì parí ohun tó ṣáájú.

3-NOP, tí wọ́n ń tà ní orúkọ Bovaer, ń dí ensáìmù tí archaea fi ń parí iṣẹ́ methane lọ́wọ́. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2022, Amẹ́ríkà sì gbà á fún màlúù oníwàrà ní 2024. Nǹkan bí 60 mílígíráàmù fún kílò 1 ìwọ̀n gbígbẹ ń dín methane màlúù oníwàrà kù ní nǹkan bí 30%. Kì í pẹ́ nínú ṣàkì, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ látàárọ̀ dalẹ́. Ẹran tó ń jẹ̀ káàkiri, tó ń rí i lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ péré, kò ní jàǹfààní rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí fáíbà bá ṣe pọ̀ tó nínú oúnjẹ ni agbára rẹ̀ á ṣe dínkù tó.

Ewéko òkun pupa tó ń jẹ́ Asparagopsis taxiformis ní bromoform, èròjà tó ń dí archaea lọ́wọ́. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní California ní 2021, ó dín methane àwọn màlúù tí wọ́n ń bọ́ fún ẹran kù ní ju 80% lọ nígbà tí oúnjẹ wọn ní ọkà púpọ̀, ṣùgbọ́n jíjẹun wọn dínkù. Bromoform ń fẹ́ lọ: bí ẹ bá sá ewéko náà sóòrùn tàbí tí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tó gbóná, èròjà tó ń ṣiṣẹ́ á ti lọ kí ẹran tó jẹ ẹ́. Áyódíìnì rẹ̀ tún pọ̀, ó sì lè wọnú wàrà. Ewéko òkun èyíkéyìí tí ẹ bá ṣà ní etí omi kò lè rọ́pò rẹ̀.

Nitrate ń gba háídírójìn lọ́wọ́ archaea: 100 gíráàmù rẹ̀, bó bá ṣiṣẹ́ tán pátápátá, á dí nǹkan bí 26 gíráàmù methane. Òun náà ló léwu jù. Bí bakitéríà kò bá tíì mọ́ ọn lára, nitrate tó ti di nitrite á wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Inú ẹnu ẹran á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi kòkó, á sì lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Kò gbọdọ̀ kọjá 2% ìwọ̀n gbígbẹ, ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 la fi ń gbé e dé ibẹ̀, ipò yùríà ló sì gbọ́dọ̀ rọ́pò. Ẹ má fi í pẹ̀lú pòròpórò tí ẹ ti fi yùríà tọ́jú. Láìsí onímọ̀ oúnjẹ ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìdánwò oúnjẹ nínú síríńjì

Kí a tó fún ẹran ní ohun tuntun, a lè wò ó nínú síríńjì onígíláàsì. Láti Hohenheim ní Jámánì ni ọ̀nà yìí ti tàn ká ní nǹkan bí 1979.

Ẹ lọ oúnjẹ gbígbẹ kó lè kọjá nínú asẹ́ mílímítà 1. Ẹ wọn 200 mílígíráàmù sínú síríńjì 100 mililítà. Ẹ gba omi ṣàkì lára ẹran 2 tàbí 3 kí wọ́n tó jẹun àárọ̀, ẹ gbé e nínú fúláàsì tó ti gbóná, ẹ fi aṣọ asẹ́ ìpele 4 sẹ́ ẹ, kí carbon dioxide máa fẹ́ sí i kí afẹ́fẹ́ má baà pa bakitéríà. Ẹ da ìdá kan rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdá méjì omi oníyọ̀ tí kì í jẹ́ kó kan, kí ẹ fi 30 mililítà sínú síríńjì kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e sínú omi tó wà ní 39 °C fún wákàtí 24.

Ẹ ka gáàsì tó jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mililítà 4 sodium hydroxide tó lágbára (10 molar) sínú rẹ̀. Ó ń fa carbon dioxide mu, èyí tó ṣẹ́ kù sì ni methane. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, torí kẹ́míkà yẹn ń jó ara. Ẹ ṣe oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní síríńjì 3, ẹ fi 3 mìíràn sílẹ̀ láìfi oúnjẹ sí i kí ẹ lè yọ gáàsì ti omi ṣàkì fúnra rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ mìíràn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí kì í ṣe ti ọwọ́, ti ìtumọ̀ ni. Oúnjẹ tí methane rẹ̀ kéré lè jẹ́ oúnjẹ tí kò fọ́ rárá. Ẹ sẹ́ ohun tó kù nínú síríńjì, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ fi ìwọ̀n oúnjẹ tó fọ́ pín methane. Bí iye yìí kò bá dínkù, kò sí ohun tí ẹ rí.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìdánwò lára ẹran

Níbi tí owó wà, wọ́n ń lo yàrá tí a ti pa dé tí wọ́n ń wọn afẹ́fẹ́ tó wọlé àti èyí tó jáde, tàbí ẹ̀rọ GreenFeed tó ń fún màlúù ní oúnjẹ díẹ̀ tó sì ń fa èémí rẹ̀ wọnú bó ṣe ń jẹ. Bí kò bá sí, ìṣirò Ìgbésẹ̀ 2 pẹ̀lú òṣùwọ̀n yín tó fún iṣẹ́ oko, ṣùgbọ́n kò lè fi iṣẹ́ àfikún bíi 3-NOP tàbí tannin hàn, torí pé ohun tí ẹran jẹ nìkan ló ń kà.

Ẹ pín ẹran sí méjì, kí wàrà, ọjọ́ orí àti iye oṣù tí wọ́n ti bímọ bára dọ́gba. Ẹ fún apá kan ní oúnjẹ tuntun, kí èkejì wà lórí ti àtijọ́. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ 2 sílẹ̀ kó mọ́ wọn lára, ẹ wọn oúnjẹ àti wàrà fún ọjọ́ 7, lẹ́yìn náà ẹ pààrọ̀ wọn, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Láìpààrọ̀, ẹ kò ní mọ̀ bóyá oúnjẹ ló ṣiṣẹ́ tàbí pé àwọn ẹran apá kan dára ju àwọn yòókù lọ.

Nínú ìwé ẹran kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ kílò ìwọ̀n gbígbẹ tó jẹ, lítà wàrà tàbí kílò tó fi kún ara, gíráàmù methane, àti gíráàmù methane fún lítà kan. Lẹ́yìn oṣù 6, ẹ to àwọn ẹran yín láti orí ẹni tí iye ìkẹyìn yìí kéré sí jù dé orí ẹni tó pọ̀ sí jù. Abo tó ti lé lọ́dún méjì tí kò lóyún, èyí tí aràn ti jẹ tán, àti akọ tí kò níṣẹ́ ni ẹ óò bá nísàlẹ̀. Èyí tó ṣeé tọ́jú, ẹ pe dókítà ẹran sí i. Èyí tí kò ṣeé tọ́jú, ẹ tà á, kí ẹ fi oúnjẹ rẹ̀ kún ti àwọn tó wà lókè.